Àjànàkú Kọjá, Mo Rí Nǹkan Fìrí: Àríwísí lórí Ìran Wíwò nínú Igbó Ẹranko ní Gúúsù Áfíríkà

Àwọn àgbà ní, "Àjànàkú kọjá, mo rí nǹkan fìrí, bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin." Òwe ìjẹ́rìí ni. Ó ń bá ẹni tí ó rí ohun ńlá tí kò fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀ wí. Ṣùgbọ́n bí a bá gba ẹ̀yìn wo òwe náà, ó ń bi wá ní ìbéèrè mìíràn: ta ni a lè sọ pé ó rí erin ní tòótọ́? Ṣé ẹni tí ojú rẹ̀ bá erin pàdé ni, àbí ẹni tí ó mọ ohun tí ojú rẹ̀ bá pàdé? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ gbé lọ sí igbó Kruger àti àwọn igbó tí ó yí i ká, níbi tí àlejò láti gbogbo ayé ti ń jókòó sínú ọkọ̀ láti wo ẹranko.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó kan lámèyítọ́ nínú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti mọ́ wa lára láti ṣe àríwísí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, eégún aláré, ìwé ìtàn àti eré orí ìtàgé. Ọkọ̀ tí ń gbé àlejò kiri inú igbó kò jọ wọ́n. Èsì mi ni pé ìran ni òun náà. Ó ní àgbàlá, ó ní àkókò, ó ní òǹwòran tí ó sanwó, ó sì ní ẹni tí ń pinnu ohun tí a ó rí àti ohun tí a kò ní rí. Ohun kan ni ó fi yàtọ̀: àwọn òṣèré ibẹ̀ kò mọ̀ pé àwọn ń ṣeré.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ètò ìran náà. Èdè Swahili ni ọ̀rọ̀ náà "safari" ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ kò sì ju ìrìn-àjò lọ. Oníṣòwò tí ń ru ẹrù lọ sí etíkun wà ní safari. Ẹni tí ó lọ kí àna rẹ̀ ní ìlú mìíràn wà ní safari. Àwọn ará Yúróòpù ni wọ́n sọ ọ́ di ìrìn-àjò ọdẹ, lẹ́yìn náà ó di ìrìn-àjò ìwòran. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni wọ́n sábà máa ń jáde: ní ìdájí àti ní ìrọ̀lẹ́, nítorí pé ooru ọ̀sán máa ń lé ẹranko wọ abẹ́ igi. Ọkọ̀ náà kò ní ògiri. Àga rẹ̀ ga ju ara wọn lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn kí ojú ẹnì kan má baà dí ti ẹlòmíràn. Awakọ̀ ni afinimọ̀nà. Bí wákàtí mẹ́ta ni wọ́n ń lò, wọn a sì dúró lágbedeméjì kí àlejò mu kọfí.

Ohun tí gbogbo àlejò ń wá ni Ẹranko Ńlá Márùn-ún: kìnnìún, ẹkùn, erin, àgbáǹréré àti ẹfọ̀n. Ẹ ṣàkíyèsí pé àgùnfọn kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni erinmi kò sí níbẹ̀, bí àwọn méjèèjì tilẹ̀ tóbi ju ẹkùn lọ fíìfíì. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn ọdẹ aláwọ̀ funfun ayé àtijọ́ ni wọ́n ka márùn-ún yìí jọ, nítorí ewu tí ó wà nínú fífi ẹsẹ̀ lépa wọn pẹ̀lú ìbọn. Ìbọn ti kúrò lọ́wọ́ àlejò, ẹ̀rọ ayàwòrán ti rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé orúkọ àwọn tí a fẹ́ pa kò yí padà. Èyí ni àbùkù àkọ́kọ́ tí mo rí nínú ìran yìí: ó fi ojú ọdẹ wo ẹranko láìní ìmọ̀ ọdẹ. Àlejò ń sàmì sí orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí ó ń nájà pẹ̀lú ìwé nǹkan tí yóò rà lọ́wọ́.

Èmi náà ti jókòó nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, ní igbó aládàáni kan tí ó bá Kruger pààlà. Agogo márùn-ún ìdájí kọjá díẹ̀ nígbà tí a gbéra. Ọkùnrin kan, ọmọ Tsonga, jókòó sórí àga kékeré tí wọ́n kàn mọ́ iwájú ọkọ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa wo ipa ẹsẹ̀ ẹranko nílẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, ó gbé ọwọ́ sókè, ọkọ̀ sì dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó lóṣòó, ó fi igi tín-ín-rín tọ́ka sí iyanrìn. Ó ní ẹkùn ni ó kọjá níbẹ̀. Abo ni, nítorí bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kéré tó. Ó ń wọ́ ohun tí ó pa, nítorí ìlà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ipa ẹsẹ̀ náà. Ó sì ti pẹ́ díẹ̀, nítorí ìrì ti sẹ̀ lé e. Ó ń ka ilẹ̀ fún wa bí ẹni ń ka ìwé. Kò tíì ka ojú ewé náà tán tí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ awakọ̀ fi dún pé kìnnìún mẹ́rin wà lẹ́bàá odò. Wọ́n pe ọkùnrin náà padà, a sì sáré lọ. Ọkọ̀ méjì ti dé ibẹ̀ ṣáájú wa. Àwọn kìnnìún ń sùn. A ya àwòrán wọn, inú gbogbo wa dùn.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ òwúrọ̀ yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. A fi ìwé tí a ń kà lọ́wọ́ sílẹ̀, a lọ wo àwòrán tí ẹlòmíràn ti rí. Nígbà tí àwọn tó kù ń mu kọfí, mo béèrè orúkọ àwọn ẹranko náà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn ní èdè rẹ̀. Ó ní nghala ni kìnnìún, yingwe ni ẹkùn, ndlopfu ni erin, nyarhi ni ẹfọ̀n, mhelembe ni àgbáǹréré. Ó sọ wọ́n pẹ̀lú ayọ̀ ẹni tí a bi ní ohun tí ó mọ̀ dáadáa. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni, èmi sì kà á sí ohun tí ó dára jù lọ nínú gbogbo owó tí mo san.

Bí ìran yìí bá ní iṣẹ́ kan tí gbogbo ayé mọ̀, fídíò tí wọ́n ń pè ní "Battle at Kruger" ni. Àlejò kan ni ó yà á ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2004 lẹ́bàá adágún Transport Dam. Ní ọdún 2007 ni ó bọ́ sórí YouTube, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún ènìyàn sì wò ó. Ó lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ọ̀wọ́ ẹfọ̀n ń bọ̀ lẹ́bàá omi. Àwọn kìnnìún lúgọ dè wọ́n. Wọ́n kọlù wọ́n, ọmọ ẹfọ̀n kan ṣubú sínú omi pẹ̀lú àwọn tí ó mú un. Bí wọ́n ti ń fà á bọ̀ sókè, ọ̀nì yọ nínú omi, òun náà gbá a mú. Kìnnìún fà, ọ̀nì fà, kìnnìún borí. Nígbà tí a rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, ọ̀wọ́ ẹfọ̀n náà padà wá. Wọ́n yí àwọn kìnnìún ká. Ẹfọ̀n kan fi ìwo gbé kìnnìún kan sókè. Ọmọ náà dìde lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó sì rìn wọ àárín àwọn ìyá rẹ̀.

Gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́, mo yìn ín. Ẹni tí ó yà á kì í ṣe oníṣẹ́ fíìmù, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n kò gé e, kò fi orin sí i, kò sọ ohun tí ó yẹ kí a rò fún wa. Ó dúró. Nínú ìdúró yẹn ni gbogbo agbára fídíò náà wà, nítorí pé bí wọ́n bá ti wa ọkọ̀ lọ lẹ́yìn tí kìnnìún mú ọmọ ẹfọ̀n, irọ́ ni wọn ì bá gbé lọ sílé, bí gbogbo ohun tí wọ́n yà tilẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyí fún gbogbo ẹni tí ń wòran: ẹni tí ó bá tètè kúrò lójú agbo kò mọ ẹni tí ó ṣubú.

Síbẹ̀, àbùkù rẹ̀ kò fara sin. Àkọlé rẹ̀ pe ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní "ogun". Ogun kọ́ ni. Kìnnìún ń wá oúnjẹ, ọ̀nì ń wá oúnjẹ, ẹfọ̀n ń gba ọmọ rẹ̀ là. Wọ́n sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mú ẹ̀rọ ayàwòrán dé ibẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ yìí sì ti ba ojú àwọn òǹwòran jẹ́: ọ̀pọ̀ àlejò ló ń wọ igbó pẹ̀lú ìrètí pé irú rẹ̀ yóò ṣẹlẹ̀ kí oúnjẹ àárọ̀ tó délẹ̀. Kìnnìún tí ń sùn di ìjákulẹ̀ fún wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni oorun ni kìnnìún ń sùn ní èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní sùúrù láti wo oorun rẹ̀ kò tíì rí kìnnìún. Ó rí nǹkan fìrí.

Níbi yìí ni mo fẹ́ ká rántí ohun tí àwa ní. Nínú ìjálá, èyí tí Adéboyè Babalọlá fi ìwé ńlá kan ṣe àlàyé rẹ̀ ní ọdún 1966, ẹranko kì í ṣe ohun tí a kàn rí. Ẹni tí a mọ̀ ni. Oníjàálá ń kì í bí a ti ń kì ènìyàn: bí ó ti ń rìn, ohun tí ó ń jẹ, bí ó ti ń bínú, ibi tí ó ń sùn. Oríkì bẹ́ẹ̀ kò ṣeé ṣe láti orí ọkọ̀ tí ń sáré. Ẹ tún rántí ìtàn Ọya. Ọdẹ kan lúgọ, ó rí ẹfọ̀n tí ó bọ́ awọ rẹ̀ tí ó sì di obìnrin arẹwà. Ó gbé awọ náà pamọ́, ó fẹ́ obìnrin náà, ṣùgbọ́n májẹ̀mú ni wọ́n jọ dá: kò gbọdọ̀ sọ ohun tí ó rí. Ọjọ́ tí àṣírí náà tú, ẹfọ̀n gbé awọ rẹ̀ wọ̀, ilé sì dàrú. Ohun tí ìtàn yìí ń kọ́ wa ni pé ojú tí ó rí ti jẹ gbèsè. Nínú ọkọ̀ àlejò, ìdàkejì ni: ẹni tí ó rí gbà pé òun ti sanwó tán kí òun tó rí, kò sì sí ohun tí òun tún jẹ ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa. Ẹni tí ń kì ẹfọ̀n náà ni ó ń pa á. Láti Kétu dé Ṣábẹ, láti Ṣábẹ dé Àjàṣẹ́, ọmọ mélòó ni ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí erin nínú igbó baba rẹ̀? Ìbọn, oko àti ọjà ẹran ìgbẹ́ ti kó ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Ní Kruger, ẹfọ̀n ṣì pọ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Àwọn ní ẹranko tí òǹwòran wọn kò lè kì. Àwa ní oríkì tí ẹni tí a ń kì ti lọ. N kò mọ èyí tí ó burú jù nínú méjèèjì. Nítorí náà, ẹni tí yóò bá ṣe àríwísí ìran àwọn ará Gúúsù Áfíríkà láti ọ̀dọ̀ wa gbọ́dọ̀ rọra sọ̀rọ̀.

Àbùkù tí ó wúwo jù lọ kò sí nínú ohun tí ọkọ̀ náà fi hàn, bí kò ṣe nínú ohun tí ó fi pamọ́. Wọ́n ń sọ fún àlejò pé igbó tí ọwọ́ ènìyàn kò kàn ni ó ń wò. Ìtàn kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1898, ìjọba Paul Kruger kéde ibi tí ó di Sabi Game Reserve. Ní 1926, òfin sọ ọ́ di igbó orílẹ̀-èdè. Ní 1927, ọkọ̀ àlejò àkọ́kọ́ wọlé. Àwọn ènìyàn ń gbé nínú rẹ̀ ṣáájú. James Stevenson-Hamilton, alábòójútó tí ó gba iṣẹ́ ní 1902, lé wọn jáde débi pé àwọn Tsonga sọ ọ́ ní Skukuza, èyí tí wọ́n ń túmọ̀ sí ẹni tí ó gbálẹ̀ mọ́. Lónìí, Skukuza ni orúkọ àgọ́ tí ó tóbi jù lọ nínú igbó náà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àlejò ń sùn nínú orúkọ yẹn láìbéèrè ohun tí wọ́n gbá kúrò nílẹ̀.

Ní 1969, ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà lé àwọn ará Makuleke kúrò ní Pafuri, ní ìhà àríwá igbó náà, kí ilẹ̀ wọn lè di ti ẹranko. Lẹ́yìn tí ìjọba náà ṣubú, wọ́n gba ilẹ̀ wọn padà ní 1998. Ohun tí ó yẹ kí a kọ́ lára wọn ni pé wọn kò pa ẹranko rẹ̀ run. Wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń jẹ èrè àwọn ilé àlejò tí ó wà lórí rẹ̀. Ní Bòtswánà, àwọn San tí ìjọba kó kúrò nínú igbó àárín gbùngbùn Kalahari ní 1997 àti 2002 gbé ọ̀rọ̀ wọn lọ sílé ẹjọ́ gíga, wọ́n sì jàre ní 2006. Nítorí náà, nígbà tí afinimọ̀nà bá dákẹ́ kí a lè gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ igbó, ó yẹ kí a mọ̀ pé ènìyàn ni ó dá apá kan nínú ìdákẹ́jẹ́ náà sílẹ̀.

Òǹkọ̀wé Gúúsù Áfíríkà náà, Njabulo Ndebele, ti kọ àròkọ kan lórí ọ̀rọ̀ yìí, "Game Lodges and Leisure Colonialists", tí ó jáde ní 1998. Ohun tí ó yẹ̀ wò níbẹ̀ ni ìnira aláwọ̀ dúdú tí ó lọ gba ìsinmi ní irú ilé àlejò bẹ́ẹ̀: ó wá wòran, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ di ìran, àwọn tí ń gbá ilé tí wọ́n sì ń dáná fún un jọ àbúrò àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwa tí a ti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lọ sí ibẹ̀ mọ ìnira yìí. N kò fara mọ́ ọn pátápátá pé ibi ìsinmi náà kò lè yí padà, àpẹẹrẹ Makuleke sì wà lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n òun ni ó kọ́ mi láti máa wo ẹni tí ó jókòó síwájú ọkọ̀.

Ó tọ́ kí n gbèjà ìran náà pẹ̀lú. Owó àlejò wà lára ohun tí ń sanwó àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ń dojú kọ àwọn apàgbáǹréré. Nínú Kruger fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni lè wa ọkọ̀ ara rẹ̀ wọlé. Kò gbọdọ̀ sáré ju kìlómítà 50 lọ ní wákàtí kan lórí ọ̀dà, kò sì gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ níbi tí ó bá wù ú. Ìdílé kan tí kò lówó ilé àlejò olówó ńlá lè gbé oúnjẹ wọn dání kí wọ́n dúró lẹ́bàá adágún láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán. Lójú tèmi, ìran tí ó dára jù nìyẹn, nítorí pé kò sí ẹ̀rọ tí yóò pè wọ́n kúrò nídìí ohun tí wọ́n ń wò. Ní Sáḿbíà, láti 1950, Norman Carr bá Olóyè Nsefu ṣètò pé kí owó àlejò máa wọ àpò àwọn ará ìlú náà. Lẹ́yìn náà ni ó sọ rírìn nínú igbó di olókìkí ní àfonífojì Luangwa. Ẹni tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn kò lè sáré láti ọ̀dọ̀ kìnnìún kan sí òmíràn. Ó gbọ́dọ̀ ka ilẹ̀. Louis Liebenberg tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ní 1990 pé inú ìmọ̀ títọ ipa ẹranko ni ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n ni a gbé jókòó sí iwájú ọkọ̀ òwúrọ̀ yẹn, tí a kò jẹ́ kí ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Kí ni èyí kàn wá sí? Láti 2017, African Parks, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Johannesburg, ni ó ń bójú tó igbó Pendjari ní àríwá Bẹ̀nẹ̀ wa níhìn-ín. Kìnnìún wà níbẹ̀, erin àti ẹfọ̀n wà níbẹ̀. Ìrírí gúúsù ti dé ilé wa, mo sì rò pé ìbùkún ni fún àwọn ẹranko náà. Ṣùgbọ́n bí a bá máa gba ètò náà, kí a má gba àbùkù rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Kí afinimọ̀nà máa sọ orúkọ ẹranko ní èdè àwọn ará agbègbè Tanguiéta kí ó tó sọ ọ́ ní Faransé. Kí wọ́n sọ fún àlejò ta ni ó ń gbé ibẹ̀ rí. Kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ jókòó ti àwọn ọdẹ àgbà ní Kétu, ní Ṣábẹ àti ní Ifẹ̀ ti Tógò, kí ẹ kọ orúkọ àti oríkì ẹranko sílẹ̀ kí àwọn tí ó mọ̀ wọ́n tó tẹ̀ lé àwọn ẹranko náà lọ.

Ní oṣù karùn-ún 2019, àwọn agbébọn jí àlejò méjì ọmọ ilẹ̀ Faransé gbé ní Pendjari, wọ́n sì pa afinimọ̀nà wọn, ọmọ Bẹ̀nẹ̀. Gbogbo ayé gbọ́ nípa àwọn àlejò náà. Ẹ̀yin òǹkàwé, ta ni nínú wa tí ó lè pe orúkọ afinimọ̀nà yẹn láìkọ́kọ́ wá a nínú ìwé ìròyìn? Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ sílé. Ìran tí ó kọ́ wa láti mọ orúkọ kìnnìún kí a sì gbàgbé orúkọ ẹni tí ó fi í hàn wá, ìran tí kò pé ni.

Ìtàn Kétu kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ibẹ̀ ń sọ ọ́ títí di òní pé nígbà tí Ọba Ẹdẹ ń wá ibi tí yóò tẹ̀ dó sí, ọdẹ kan ni ó la ọ̀nà igbó fún un. Alálùmọ̀n ni orúkọ rẹ̀. Ọba tẹ̀ dó, ìlú dàgbà, ṣùgbọ́n wọn kò gbàgbé ẹni tí ó mọ igbó. Àlejò lójú, kò fi ríran. Ẹni tí ó bá fẹ́ ríran níbi tí kò mọ̀, ojú onílé ni yóò yá. Bí a bá yá ojú, ẹ jẹ́ kí a mọ orúkọ ẹni tí ó ni ín. Nígbà náà ni a ó tó lè sọ pé a rí erin.